ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: YÍYAN ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó YẸ FÚN OHUN TÍ Ń ṢÀN

Ọ̀rọ̀ Ìtọ́sọ́nà

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí olùdánwò ti ń sọ bí nǹkan ṣe rí, bí a ṣe ń ṣe é, tàbí ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí olùyẹ̀wò ń wá nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kà á tán, kí ó sì lè dá nǹkan ọ̀hún ṣe. Nítorí náà, má ṣe kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ. Sọ ohun tí ó dá ọ lójú, sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì mú àpẹẹrẹ láti àdúgbò rẹ. Àròkọ ìsàlẹ̀ yìí gùn ju èyí tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ nínú ìdánwò lọ, nítorí a fẹ́ kí o rí bí a ṣe ń la ọ̀rọ̀ yé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣe àlàyé bí ènìyàn ṣe lè yan òṣùwọ̀n tí ó yẹ láti fi wọn àwọn ohun tí ń ṣàn ní àyíká rẹ̀.

Ìlapa Èrò

(i) Ìfáárà: ìpàdé àwọn onílé ní Ẹdẹ.
(ii) Ohun tí ìwọ̀n ìṣàn jẹ́, àti ìbéèrè mẹ́ta tí a fi ń yan òṣùwọ̀n.
(iii) Omi ẹ̀rọ nínú ilé, àti èyí tí ń kán.
(iv) Omi tí a ń fà sí aláìsàn lára.
(v) Òjò àti odò.
(vi) Òṣùwọ̀n àwọn oníṣẹ́ ńlá.
(vii) Ìgúnlẹ̀.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Jẹ́ kí a sọ pé àwọn onílé ní àdúgbò kan ní ìlú Ẹdẹ pe ìpàdé. Omi ẹ̀rọ kò wá déédéé mọ́, wọ́n sì ti dá owó jọ láti gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ. Ọkùnrin méjì tí ń ta ẹ̀rọ ìfami wá síbẹ̀. Èkíní dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀rọ tèmi ń fa ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lítà." Èkejì náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, tèmi ń fa àádọ́ta lítà. Iye kan náà ni èmi àti ẹnìkejì mi ń tà á." Kíá ni ariwo sọ. Gbogbo ìpàdé ní ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́ta ni àwọn fẹ́, wọn kò sì fẹ́ rí ẹlẹ́ẹ̀kejì sójú mọ́.

Ọmọbìnrin kan tí ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá sí ìpàdé wá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lítà láàárín ìgbà wo?" Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó hàn. Lítà 3,000 ní ọjọ́ kan ni èkíní ń sọ. Lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan ni èkejì ń sọ. Bí o bá sọ 50 di ìlọ́po 60, yóò fún ọ ní lítà 3,000 ní wákàtí kan ṣoṣo. Ohun tí ẹ̀rọ èkíní ń fi ọ̀sán àti òru fà ni ẹ̀rọ èkejì ń fà láàárín wákàtí kan. Lẹ́nu ẹ̀rọ èkíní, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 yóò gba ìṣẹ́jú 12 kí ó tó kún. Lẹ́nu èkejì, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni. Díẹ̀ ló kù kí àdúgbò kan fi owó tí wọ́n fi òógùn kó jọ ra ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ohun tí wọn ì bá rí gbà, nítorí pé wọ́n gbọ́ iye, wọn kò béèrè àkókò.

Ohun tí a ń pè ní ìwọ̀n ìṣàn nìyí: iye ohun tí ó ṣàn kọjá, àti àkókò tí ó fi ṣàn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Bí o bá ní tánkì rẹ gba lítà 1,000, o kò tíì sọ̀rọ̀ ìṣàn rárá, títóbi tánkì lo sọ. Bí o bá ní omi ń tú jáde kíkankíkan, ojú rẹ lo fi wọ̀n ọ́n, ojú ẹlòmíràn sì lè sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní lítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ó wà ní Èkó tàbí ní Kútọnu yóò mọ ohun tí o ń wí láìrí ẹ̀rọ rẹ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣùwọ̀n. Kí o tó yan èyí tí ìwọ yóò lò, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: kí ni mo fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe? Èkejì: kí ni mo ní lọ́wọ́ láti fi wọ̀n ọ́n? Ẹ̀kẹta: ṣé nọ́ńbà tí yóò jáde ṣe é gbé sọ́kàn? Nọ́ńbà tí ó wà láàárín 1 sí 1,000 rọrùn láti rántí, ó sì rọrùn láti fi wé òmíràn. Bí nọ́ńbà rẹ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òdo pọ̀ níwájú rẹ̀, tàbí tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí òdo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òṣùwọ̀n tí o mú kò bá iṣẹ́ náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. A sé odò Erinlẹ̀ láti máa fún Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn ní omi ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ tí omi bá wá, gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 sí ẹnu ẹ̀rọ, kí o sì wo aago. Ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lè tanni jẹ. Bí èkíní bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, tí èkejì gba díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀kẹta kò tó bẹ́ẹ̀, mú ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi 5 pín 25. Ìwọ̀n ìṣàn ẹ̀rọ rẹ jẹ́ lítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan.

Kí ni ànfààní rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ka lítà 50 sí 100 sí ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kan ní fún ìlò lójúmọ́. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà nínú ilé, tí ẹ sì ń ṣọ́ omi lò ní lítà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 300 ni lójúmọ́, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 12. Bí omi bá wá fún wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 120 nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ yóò fún ọ ní lítà 600. Omi ọjọ́ méjì ni. Bí o bá mọ̀ pé omi kì í tún wá títí di ọjọ́ kẹta, o ti mọ̀ lónìí pé omi ọjọ́ kan yóò dín, kí òùngbẹ tó sọ fún ọ. Nínú ilé, lítà ní ìṣẹ́jú kan ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ, nítorí kẹ́ẹ̀gì àti aago ni a ní, ìṣẹ́jú ni a sì fi ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àwọn òṣùwọ̀n àtijọ́. Kí òfin òṣùwọ̀n ti ọdún 1974 tó fi ẹsẹ̀ lítà àti mítà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, gálọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Garawa karosíìnì tí àwọn ìyá wa fi ń pọn omi gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí í ṣe nǹkan bí lítà 18. Ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì tó lítà mẹ́rin àti ààbọ̀, nígbà tí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin. Bí a bá kọ gálọ́ọ̀nù sára ẹ̀rọ tí o fẹ́ rà, béèrè pé ti ibo ni.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a sọ pé ẹnu ẹ̀rọ rẹ ti bàjẹ́, ó ń kán tó, tó, tó, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bí ẹ̀kán 20 ni ó ń jẹ́ mílílítà kan. Bí o bá fi lítà ní ìṣẹ́jú kan wọn èyí, ohun tí yóò jáde ni 0.003. Ta ni yóò rí irú nọ́ńbà yẹn tí yóò pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi? Ṣùgbọ́n yí àkókò padà sí ọjọ́ kan: yóò jẹ́ lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Yí i padà sí oṣù kan: yóò tó lítà 130, kẹ́ẹ̀gì márùn-ún tí ó kún dẹ́nu. Omi kò yí padà, òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Fún ohun tí ń lọ díẹ̀díẹ̀, àkókò gígùn ni kí o fi wọ̀n ọ́n, kí ojú rẹ lè rí i.

Ibi kan wà tí àṣìṣe òṣùwọ̀n ti lè pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni. Bí dókítà bá ní kí a fa lítà omi kan sí àgbàlagbà lára láàárín wákàtí mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì kò lè jókòó wákàtí mẹ́jọ kí ó tó mọ̀ bóyá ó ń lọ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ohun tí ojú lè kà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lítà kan jẹ́ mílílítà 1,000. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Bí okùn omi náà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀kán 20 ń jẹ́ mílílítà kan, ẹ̀kán 20,000 ni yóò kán láàárín ìṣẹ́jú 480. Nǹkan bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò ka ẹ̀kán, yóò sì tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n okùn mìíràn wà, tí a sábà máa ń lò fún ọmọdé, tí ẹ̀kán rẹ̀ wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí 60 fi ń jẹ́ mílílítà kan. Ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan lórí okùn yìí kò ju mílílítà 42 ní wákàtí kan lọ, nígbà tí ó jẹ́ mílílítà 126 lórí okùn ti àkọ́kọ́. Iye ẹ̀kán kan náà ni, ṣùgbọ́n omi ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Omi tí ó bá pọ̀ jù fún ọmọ kékeré lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn fi ń kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ ní mílílítà ní wákàtí kan, kí wọn tó yí i padà sí ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí kò fi yẹ kí ẹni tí ó wá kí aláìsàn fọwọ́ kan ohun tí ń dín omi náà kù, ì báà jẹ́ pé ó rò pé ó ń lọ́ra jù.

Ẹ jẹ́ kí a jáde síta, kí a wo òjò. Òṣùwọ̀n òjò yàtọ̀, nítorí mìlímítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé a fẹ́ mọ bí omi ì bá ti jìn tó bí kò bá ṣàn lọ, tí kò sì wọ inú ilẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí o há sórí ni pé mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà kan gééré. Bí òrùlé ilé yín bá jẹ́ mítà mẹ́wàá ní gígùn àti mẹ́wàá ní fífẹ̀, tí òjò mìlímítà 30 sì rọ̀ sórí rẹ̀ láàárín wákàtí kan, lítà 3,000 ni ó já sórí òrùlé náà. Lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ èkejì ti ọjọ́ ìpàdé! Bí ẹ kò bá ní gọ́tà àti tánkì tí ó lè gba irú ìṣàn bẹ́ẹ̀, ojú yín ni omi yóò ṣe bọ́ sílẹ̀.

Òjò tí ń rọ̀ ní Ẹdẹ lọ́dún kan ju mìlímítà 1,000 lọ. Bí ẹnì kan bá pín in dọ́gba fún gbogbo wákàtí inú ọdún, yóò rí i pé díẹ̀ nínú mìlímítà kan ni ó kan wákàtí kọ̀ọ̀kan, yóò sì ní kòtò omi tóóró ti tó. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ilé àwọn ènìyàn wéwu. Òjò kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Wákàtí tí ó le jù lọ ni ó ń gbé afárá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún, ó gbé ilé àti ọkọ̀ lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Àgbẹ̀ lè fi mìlímítà ní oṣù kan wọn òjò rẹ̀, nítorí oṣù ni iṣu àti àgbàdo fi ń dàgbà. Ẹni tí ń la kòtò omi gbọ́dọ̀ lo mìlímítà ní wákàtí kan. Òjò kan náà ni, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni ó yàtọ̀.

Ti odò ńkọ́? Kò sí kẹ́ẹ̀gì tí a lè gbé sẹ́nu Ọ̀ṣun. Òṣùwọ̀n tí a ń lò ni mítà kúbíìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fojú inú wo àpótí kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan: mítà kúbíìkì kan nìyẹn, ó sì gba lítà 1,000. O lè wọn odò kékeré fúnra rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wá ibi tí ó ṣàn tààrà. Wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ká ní mítà mẹ́rin ni. Wọn jíjìn rẹ̀ níbi mélòó kan, kí o mú èyí tí ó wà láàárín. Ká ní ààbọ̀ mítà ni. Ju ọsàn sí i, kí o sì wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi rìn mítà mẹ́wàá. Ká ní 20 ni. Ọsàn náà ń rìn ààbọ̀ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ 4 di ìlọ́po ààbọ̀, kí o tún sọ ọ́ di ìlọ́po ààbọ̀: mítà kúbíìkì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó tòkè, nítorí náà mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, èyí tí í ṣe lítà 800. Kẹ́ẹ̀gì 32 ń kọjá lójú rẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan! Má ṣe dán èyí wò nígbà tí odò bá kún o, nítorí omi tí ó ń gbé igi lọ kò ní mọ̀ ọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́.

Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀rọ ilé epo ń tú epo ní lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń ti nǹkan bí lítà ẹ̀jẹ̀ márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ omi ilé wa yẹn. Àwọn elépo rọ̀bì ń lo àgbá ní ọjọ́ kan, àgbá kan sì jẹ́ nǹkan bí lítà 159. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń fa mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ àgbá lójúmọ́, bí Nàìjíríà ti ń fà tàbí ó sún mọ́ ọn ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó dún létí bí òkun. Ṣùgbọ́n yí i padà sí òṣùwọ̀n odò: kò tó mítà kúbíìkì mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Odò kékeré ni. Odò Amazon ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń tú ju 200,000 irú mítà bẹ́ẹ̀ lọ sínú òkun. Àwọn tí ń wọn ìṣàn inú òkun pàápàá rí i pé mítà kúbíìkì kéré jù fún wọn, wọ́n sì sọ mílíọ̀nù kan rẹ̀ di ẹyọ kan. Má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà ọ́, má sì jẹ́ kí kékeré tàn ọ́. Kọ́kọ́ sọ wọ́n di òṣùwọ̀n kan náà kí o tó fi wọ́n wé ara wọn.

Ní ìgúnlẹ̀, òṣùwọ̀n tí ó yẹ ni èyí tí ó jẹ́ kí ẹni tí yóò lò ó mọ ohun tí yóò ṣe. Ìyá ilé ń fẹ́ mọ ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì yóò kún, nọ́ọ̀sì ń fẹ́ mọ bí omi ti ń wọ ara ọmọ, ẹni tí ń la kòtò ń fẹ́ mọ wákàtí tí òjò yóò le jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ iye fún ọ láìsọ àkókò, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Kì í ṣe àìmọ̀wàáhù láti bi í léèrè. Kúnlẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kí o sì béèrè bí ọmọbìnrin ọjọ́ ìpàdé ti béèrè: láàárín ìgbà wo?

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Korobá onílítà 10 kún lẹ́nu ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40. Lítà mélòó ni ní ìṣẹ́jú kan?
2. Sọ òṣùwọ̀n tí ìwọ yóò lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí o sì sọ ìdí rẹ̀: oyin tí ń kán láti inú afárá oyin, omi tí ọkọ̀ tánkà ń tú sínú tánkì, odò Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹsàn-án.
3. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń tọ́jú omi òjò, (b) Bí a ṣe lè mọ̀ pé òṣùwọ̀n ọlọ́jà péye.